Mo fẹ́ kọ́ nípa àwọn ẹ̀dá inú òkun, ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo ṣì wà: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Akẹ́kọ̀ọ́Òkun

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi àti ẹ̀yin tíṣà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí. Ó ti tó ọdún méjì tí mo rí fídíò àbùùbùtán kan àti ọmọ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń lúwẹ̀ẹ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti sọ fún gbogbo ará ilé pé ẹ̀kọ́ nípa àwọn ẹ̀dá inú òkun ni màá kọ́.

Ní sáà yìí, tíṣà bàọ́lọ́jì wa ní kí kálukú wá iṣẹ́ ìwádìí kékeré kan ṣe. Mi ò ní ọkọ̀ ojú omi, mi ò sì mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́, torí náà mo mú àwọn ẹ̀dá tó ń gbé lára àpáta etíkun. Mo fi igi kan férémù onígun mẹ́rin, mo ń gbé e lé orí àpáta, mo sì ń ka gbogbo ohun tó bá bọ́ sínú rẹ̀. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àmọ́ nǹkan mẹ́ta ti ṣẹlẹ̀ tó mú kí ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì.

Èkíní, mo rí ìràwọ̀ òkun kékeré méjì, àwọn ẹ̀dá ọlọ́wọ́ márùn-ún yẹn. Mo kó wọn sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ sílé kí n lè máa wò wọ́n. Omi tí mo bù láti etíkun ti ń dọ̀tí, mo bá dà á nù, mo sì pọn omi ẹ̀rọ tó mọ́ gaara sí i. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn méjèèjì ti kú. Oore ni mo rò pé mò ń ṣe fún wọn. Títí di ìsinsìnyí, tí mo bá rí bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn, ńṣe ni mo máa ń gbójú kúrò.

Èkejì, iye tí mò ń kà ò bára mu. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, barnacle, àwọn ẹ̀dá kéékèèké onílé líle tó ń lẹ̀ mọ́ àpáta, 212 ni mo kà nínú férémù. Lọ́jọ́ kejì, 31 péré. Àpáta kan náà ni o!

Ẹ̀kẹta, ọmọ kíláàsì mi kan sọ pé eré ọmọdé ni mò ń ṣe, pé ẹni tí kò bá tíì wọ omi lọ wo dọ́fìn àti ṣáàkì ò tíì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ òkun. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra.

Báwo lẹ̀yin ṣe bẹ̀rẹ̀? Kí ni kí n tún ṣe?

TíṣàBàọ́lọ́jì

Àbúrò, pẹ̀lẹ́ o. Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí àwọn ìràwọ̀ òkun yẹn, torí mo rí i pé òun ló wà lọ́kàn rẹ jù.

Tá a bá wọn kìlógíráàmù omi òkun kan, iyọ̀ inú rẹ̀ máa ń tó nǹkan bíi gíráàmù 35. Omi tó wà nínú ara ìràwọ̀ òkun àti èyí tó wà níta ara rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ síra ní ti iyọ̀. Kò ní kíndìnrín, kò sì ní ohun tó lè fi tún nǹkan ṣe tí iyọ̀ ìta bá dín kù. Ibi tí iyọ̀ ti pọ̀ ni omi máa ń wọ́ lọ. Nígbà tó o gbé e sínú omi ẹ̀rọ, omi ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ṣáá, wọ́n ń wú, títí wọ́n fi bàjẹ́. Kúlórínì tí wọ́n máa ń fi pa kòkòrò inú omi ẹ̀rọ náà lè ṣe é léṣe. Omi tó mọ́ lójú èèyàn, májèlé ni lára rẹ̀.

Ohun kan wà tó yẹ kó o mọ̀ nípa ìdílé ìràwọ̀ òkun. Àtòun, àti sea urchin, ẹ̀dá roboto ẹlẹ́gùn-ún yẹn, àti sea cucumber, èyí tó gùn tó sì rọ̀, kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó ń gbé inú odò tàbí adágún tí kò níyọ̀, níbikíbi láyé. Gbogbo wọn pátá, inú òkun ni. Ìgbín etíkun tiẹ̀ sàn díẹ̀, torí ó ní ilẹ̀kùn tó lè tì mọ́ ara rẹ̀ títí nǹkan á fi dẹrùn. Ẹja òkun yàtọ̀ sí àwọn méjèèjì: omi ara rẹ̀ kò níyọ̀ tó ti òkun, torí náà ńṣe ni òkun ń fa omi kúrò lára rẹ̀. Ó máa ń mu omi òkun, á sì máa ti iyọ̀ tó pọ̀ jù jáde láti ara ẹ̀mí-ẹja rẹ̀, ibi tó fi ń mí. Ṣáàkì tún gbé tiẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn: ó ń tọ́jú ùríà, ohun tí àwa ń fi ìtọ̀ dà nù, sínú ẹ̀jẹ̀ kí òkun má bàa fa omi ara rẹ̀ gbẹ. Ìṣòro kan náà, ọ̀nà mẹ́rin. Mo ti ń kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ṣì máa ń yà mí lẹ́nu.

Láti ìsinsìnyí lọ, má gbé ohunkóhun lọ sílé. Kódà omi òkun gangan, tó bá dúró sójú kan nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ọ́síjìn inú rẹ̀ máa ń tán, á sì máa gbóná. Wò wọ́n níbi tí wọ́n wà. Fi omi òkun tutù rin ọwọ́ rẹ kó o tó fọwọ́ kàn wọ́n, má sì fa ohun tó bá ti lẹ̀ mọ́ àpáta. Tó o bá yí òkúta pa dà láti wo abẹ́ rẹ̀, yí i pa dà bó o ṣe bá a. Àwọn tó ń gbé abẹ́ òkúta ò lè fara da oòrùn.

ẸniEtíkun

Ọ̀rọ̀ iye tí kò bára mu ni tèmi. Àbúrò, mo fẹ́ bi ọ́ ní ìbéèrè méjì kí n tó sọ ohunkóhun. Báwo lo ṣe yan ibi tó o gbé férémù lé lọ́jọ́ àkọ́kọ́? Ṣé ibi tí omi fà dé lọ́jọ́ kejì sì bá tọjọ́ àkọ́kọ́ dọ́gba?

Akẹ́kọ̀ọ́Òkun

Tíṣà, ẹ ṣeun púpọ̀. Gbogbo rẹ̀ ni mo dà kọ sínú ìwé mi.

Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ni màá sọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ibi tí mo ti rí i pé barnacle pọ̀ dáadáa ni mo gbé e lé, torí mo fẹ́ kí iṣẹ́ mi níláárí. Lọ́jọ́ kejì, omi ò fà tó bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ṣì wà lábẹ́ omi. Mo bá gbé e sókè díẹ̀.

ẸniEtíkun

O ṣeun tó o sọ bó ṣe rí gan-an. Ibẹ̀ ni àtúnṣe wà.

Tá a bá fi ojú yan ibi tá a máa kà, ibi tó kún lojú máa ń lọ. Iye tá a bá kọ sílẹ̀ á wá jẹ́ ohun tó wù wá, kò ní jẹ́ ohun tó wà lórí àpáta. Ohun tí àwa ń ṣe ni pé a máa ń ṣẹ́ gègé. Ta okùn mítà 20 gba ẹ̀gbẹ́ àpáta, kí gbogbo rẹ̀ wà ní gíga kan náà. Kọ nọ́ńbà láti 0 dé 19 sórí bébà kéékèèké, ká wọn, kó wọn sínú àpò, kó o sì mú mẹ́wàá láìwò. Nọ́ńbà tó bá jáde ni mítà tí wàá gbé férémù sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àpáta ìhòòhò lo máa bá níbẹ̀. Òdo náà, iye ni. Kọ ọ́ sílẹ̀. Tó o bá parí, gbé okùn náà sọ̀kalẹ̀, tún ṣẹ́ gègé mìíràn. Ṣe é ní òkè, ní àárín, àti ní ìsàlẹ̀ níbi tí omi ti fà tán. Férémù tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 50 ló wọ́pọ̀. Tí barnacle bá kéré tí wọ́n sì pọ̀ jù, ka igun kan tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 péré, ṣùgbọ́n kó o lo igun kan náà níbi gbogbo.

Pẹ́ńsùlù ni kó o máa fi kọ̀wé. Omi máa ń fọ yíǹkì dà nù.

Ìdí tí mo fi ní kó o pín in sí òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ rèé. Lọ́dún 1961, Joseph Connell tẹ ìwádìí kan jáde tó ṣe ní etíkun Scotland. Oríṣi barnacle méjì ló wà níbẹ̀. Èyí kékeré, Chthamalus, òkè ló ń gbé. Èyí ńlá, Balanus, ìsàlẹ̀ ni tiẹ̀. Ó bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí kékeré kì í fi í dàgbà nísàlẹ̀. Ó yọ ńlá kúrò lára àwọn òkúta kan, kékeré sì gbilẹ̀ níbẹ̀. Àṣé ńṣe ni ńlá máa ń dàgbà gorí rẹ̀, tó ń há a mọ́, tó sì ń hú u kúrò nílẹ̀. Balanus náà ò sì lè gòkè lọ bá Chthamalus, torí oòrùn àti ọ̀gbẹlẹ̀ orí àpáta máa ń pa á. Lára ohun tí Connell ṣe ni pé ó ya àwòrán ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, tó sì ń pa dà lọ wò wọ́n, lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹnì kejì ni Robert Paine, ìràwọ̀ òkun sì ló wà nídìí tiẹ̀. Lọ́dún 1963, ní etíkun ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí gbogbo ìràwọ̀ òkun kúrò ní apá kan àpáta, ó ń jù wọ́n pa dà sínú omi jíjìn. Apá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Ìràwọ̀ òkun yìí ló máa ń jẹ mussel, àwọn dúdú oníkarahun aláwẹ́ méjì yẹn. Nígbà tí ẹni tó ń jẹ wọ́n ò sí mọ́, mussel bẹ̀rẹ̀ sí í gba àpáta mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́. Irú ẹ̀dá 15 ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Paine fi máa kọ ìwádìí rẹ̀ lọ́dún 1966, ó ti já sí 8. Látinú iṣẹ́ yìí làwọn onímọ̀ ti mọ̀ pé ẹ̀dá kan ṣoṣo lè gbé gbogbo àwùjọ ró.

Orí àpáta ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ méjèèjì, pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, nígbà tí omi fà. Fi han ọmọ kíláàsì rẹ.

AwòInúOmi

Àbúrò mi, ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń fi maikirosíkóòpù wo omi òkun, ọjọ́ tí mo wọ omi kọjá orúnkún ò pọ̀. Nítorí náà jẹ́ kí n bá ọ sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí ojú lásán ò lè rí.

Ìwọ gan-an ti bẹ̀rẹ̀ láìmọ̀. Barnacle tí ò ń kà yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìbátan ìgbín ni, àmọ́ ìbátan edé àti akàn ni. Nígbà tó wà lọ́mọdé, inú omi ló ń léfòó kiri, ó kéré, ó sì ń lúwẹ̀ẹ́. Tó bá tó àkókò, á wá ibì kan lórí àpáta, á fi orí lẹ̀ mọ́ ọn, á kọ́ ilé yí ara rẹ̀ ká, ẹsẹ̀ ni yóò sì máa fi gbọ́n oúnjẹ sẹ́nu títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Charles Darwin fi ọdún mẹ́jọ, 1846 sí 1854, ṣe ìwádìí lórí barnacle. Ẹni tó bá ń ka barnacle, ó wà láàárín àwọn ẹni ńlá.

Tó o bá fẹ́ rí wọn nígbà ọmọdé, wá ìbọ̀sẹ̀ nylon fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan. Fi wáyà ká ẹnu rẹ̀ kó lè là sílẹ̀ roboto, gé ìdí rẹ̀, kó o sì so ìgò kékeré kan mọ́ ọn pinpin. Fi okùn fà á lọ fà á bọ̀ nínú omi fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, láti orí afárá tàbí níbi tí omi ò ju kókósẹ̀ lọ. Kán ẹ̀kán omi inú ìgò náà kan sábẹ́ maikirosíkóòpù ilé ẹ̀kọ́ yín. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wo tèmi, mi ò lè dìde fún wákàtí mẹ́ta. Plankton ni orúkọ gbogbo wọn lápapọ̀. Lẹ́yìn náà, da omi tó kù pa dà sínú òkun.

Àwọn kan tún wà tí ìbọ̀sẹ̀ yẹn ò lè mú. Prochlorococcus, tí Sallie Chisholm àti Robert Olson bá pàdé ní àárín ọdún 1980 sí 1989, kéré débi pé tó o bá to 1,000 nínú wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn ò ní gùn tó mílímítà kan. Síbẹ̀, 100,000 nínú wọn lè wà nínú mílílítà omi kan. Oòrùn ni wọ́n fi ń ṣe oúnjẹ, bíi ti ewé. Nǹkan bí ìdajì ọ́síjìn tó ń jáde láti ara àwọn ohun tó ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ lórí ilẹ̀ ayé, inú òkun ló ti ń wá, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó ń ṣe é ni ojú wa ò sì lè rí. Àbùùbùtán tó o rí nínú fídíò, edé kéékèèké tó ń jẹ irú àwọn wọ̀nyí ni oúnjẹ rẹ̀ tó bá jẹ́ àbùùbùtán aláwọ̀ búlúù. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pé ẹ̀dá ńlá ni ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ òkun.

Jẹ́ kí n fi ìtàn kan kún un. Lọ́dún 1977, àwọn tó wọ ọkọ̀ abẹ́ omi Alvin rí àwọn orísun omi gbígbóná nísàlẹ̀ òkun nítòsí àwọn erékùṣù Galápagos, níbi tí oòrùn kì í dé rárá. Aràn ńláńlá wà níbẹ̀ tí kò lẹ́nu, tí kò nífun. Báwo ló ṣe ń jẹun? Colleen Cavanaugh, tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Harvard nígbà náà, ló dábàá pé bakitéríà ló ń gbé inú aràn náà. Aràn ń kó hydrogen sulfide, gáàsì tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́ yẹn, wá fún bakitéríà. Bakitéríà sì ń fi ṣe oúnjẹ fáwọn méjèèjì. Wọ́n tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde lọ́dún 1981. Kì í ṣe pé ó wà nínú ọkọ̀ tó rí aràn náà. Ó gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nípa rẹ̀, ó ro ó dáadáa, ó sì béèrè ara aràn náà láti fi wádìí.

Olùkọ́Wíwẹ̀

Mo gbádùn ohun tí Àǹtí AwòInúOmi kọ, àmọ́ ibì kan wà tí mo fẹ́ ta kò. Má ṣe jẹ́ kí ọmọ yìí rò pé òun lè ṣiṣẹ́ létí òkun títí ayé láìmọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Lóòótọ́, ìmọ̀ ò sí nínú wíwẹ̀. Ẹ̀mí ló wà níbẹ̀. Àbúrò, wá ẹni tó máa kọ́ ọ, nínú omi tó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Títí dìgbà yẹn, má dá nìkan lọ sí orí àpáta.

Kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka àtẹ ìgbà tí òkun máa ń kún àti ìgbà tó máa ń fà. Ní ọ̀pọ̀ etíkun, láti ìgbà tó bá kún dé ìgbà tó bá fà tán máa ń lé díẹ̀ ní wákàtí mẹ́fà, àkókò náà sì máa ń sún síwájú ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 lójoojúmọ́. Ìyẹn ló fà á tó fi jẹ́ pé tó o bá lọ ní aago kan náà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, omi ti bo ibi iṣẹ́ rẹ. Ìgbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé àti ìgbà òṣùpá àrànmọ́jú lòkun máa ń fà jìnnà jù, tó sì tún máa ń kún jù. Lọ síbẹ̀ ní wákàtí méjì ṣáájú kó tó fà tán, máa tẹ̀ lé omi sọ̀kalẹ̀ bó ṣe ń lọ. Gbàrà tó bá yí pa dà, ìwọ náà yí pa dà. Bí àpáta kan bá dà bí erékùṣù nígbà tí omi kún, má ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀.

Wọ bàtà tó di ẹsẹ̀ mú, torí etí barnacle máa ń ge ẹsẹ̀ bí abẹ, èéhù òkun sì ń yọ̀. Má kẹ̀yìn sí ìgbì. Má mú ìgbín òkun tó rí bíi kóónù tó o ò bá dá a mọ̀. Àwọn kan nínú wọn ní oró tó lè pààyàn. Octopus kékeré olóòrùka búlúù náà bẹ́ẹ̀. Jellyfish, ẹ̀dá òkun tó rọ̀ bíi jẹ́lì yẹn, tó bá ti kú sórí iyanrìn ṣì lè ta ọ́.

MàmáAkẹ́kọ̀ọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo yín. Mò ń kà á látòkè wá sísàlẹ̀, torí ọmọ mi obìnrin náà ní ohun tó fẹ́ ṣe nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé iṣẹ́ wà nídìí ẹ̀kọ́ yìí? Ẹ̀rù ń bà mí pé kó má lọ kọ́ ohun tí kò ní rí jẹ níbẹ̀.

TíṣàBàọ́lọ́jì

Màmá, ẹ kú àníyàn ọmọ. Iṣẹ́ wà, àmọ́ àwọn tó ń wá a pọ̀. Àwọn tó ń tọ́jú àbùùbùtán àti dọ́fìn ò tó nǹkan. Àwọn tó ń ṣírò iye ẹja tó kù kí apẹja má bàa kó o tán, àwọn tó ń sin ẹja àti edé, àwọn tó ń yẹ omi wò bóyá ìdọ̀tí ti wọ̀ ọ́, àwọn tó ń kọ́ni, àwọn wọ̀nyẹn pọ̀ jù wọ́n lọ dáadáa. Ẹ ní kó mú ìṣirò, kẹ́mísìrì àti físíìsì ní ọ̀kúnkúndùn, kó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ lórí iye tí wọ́n bá kà. Nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ti kọ́, àwọn tó sá fún ìṣirò ni nǹkan máa ń le fún ní yunifásítì.

Ẹ̀kọ́ yìí sì máa ń bí ohun tí ẹnì kankan ò retí. Osamu Shimomura ń wádìí ohun tó ń mú kí jellyfish kan máa tàn nínú òkùnkùn. Ó rí purotéènì kan tó máa ń tàn yòò ní àwọ̀ ewé. Lónìí, òun làwọn onímọ̀ ìṣègùn máa ń fi wo ohun tó ń lọ nínú sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ó wà lára àwọn tó gba Ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísìrì lọ́dún 2008.

KíláàsìKejì

Ẹ má bínú, mo kéré sí yín. Ìwé kan pe iyùn ní ẹranko. Ṣé kì í ṣe òkúta ni?

ẸniEtíkun

Ìbéèrè tó dára lo bi yẹn, ọmọ mi. Apá tó le yẹn dà bí òkúta lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀dá alààyè ló kọ́ ọ. Tó o bá wo iyùn inú òkun dáadáa, wàá rí ihò kéékèèké lára rẹ̀. Inú ihò kọ̀ọ̀kan ni ẹranko rírọ̀ kan ń gbé, ó lẹ́nu, ó sì ní àwọn ọwọ́ tínínrín yí ẹnu náà ká. Jellyfish jẹ́ ìbátan rẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ òkìtì iyùn nínú omi tí kò jìn tún gba àlejò sára: àwọn èéhù tó kéré gan-an ń gbé inú ẹran ara wọn, wọ́n ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ, wọ́n sì ń fún onílé ní èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn àlejò yìí ló fún wọn láwọ̀.

Tí omi bá wá gbóná kọjá bó ṣe yẹ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bí ìwọ̀n kan péré ní Celsius kọjá ibi tó máa ń gbóná dé jù, wọ́n máa ń pàdánù àwọn àlejò náà. Iyùn á funfun báláú. Kò tíì kú nígbà yẹn, ebi ló ń pa á. Bí omi bá tètè tutù, ó lè yè é. Great Barrier Reef ní Ọsirélíà, tó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 2,300, ti rí irú èyí léraléra láàárín ọdún mélòó kan. Ó máa ń ká mi lára, torí òkìtì iyùn ò gbà tó ìdá 1 nínú 100 ilẹ̀ abẹ́ òkun, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin irú ẹ̀dá inú òkun tí a mọ̀ ló gbára lé e.

AwòInúOmi

Mo rántí àwọn tí kò sún mọ́ òkun. Monterey Bay Aquarium ní Amẹ́ríkà máa ń fi kámẹ́rà han ohun tó ń lọ nínú àwọn adágún onígíláàsì wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọkọ̀ ìwádìí Nautilus àti Okeanos Explorer náà máa ń fi ìsàlẹ̀ òkun han gbogbo ayé bí wọ́n ṣe ń wò ó lọ́wọ́, wàá sì máa gbọ́ ohùn àwọn onímọ̀ bí wọ́n ṣe ń jiyàn lórí ohun tí wọ́n rí. Bí wọ́n ṣe ń sọ fúnra wọn pé àwọn ò mọ nǹkan kan ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sí.

Fún orúkọ ẹ̀dá, ẹ lọ sí WoRMS, àkójọ orúkọ àwọn ẹ̀dá inú òkun lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ti ẹja, FishBase. Ẹ lè ya fọ́tò sórí iNaturalist kí àwọn tó mọ̀ ọ́n bá yín wò ó, àmọ́ ẹ má gba orúkọ tí ẹ̀rọ bá kọ́kọ́ dá lábàá gẹ́gẹ́ bí òótọ́. Kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò, ẹ fi ọwọ́ yà á sínú ìwé ná. Ohun tí mo bá fọwọ́ yà nìkan ni mo máa ń rí dáadáa.

Akẹ́kọ̀ọ́Òkun

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, mo ti pa dà. Mo ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ wíwẹ̀. Mo ti lè léfòó, orí mi ò sì wọ omi mọ́.

Mo ṣẹ́ gègé bẹ́ ẹ ṣe sọ. Férémù 10 ní òkè, 10 ní àárín, 10 ní ìsàlẹ̀. Ọmọ kíláàsì mi tó sọ̀rọ̀ yẹn ló bá mi di okùn mú. Mo sọ ìtàn Paine fún un lójú ọ̀nà, kò sọ nǹkan kan, àmọ́ nígbà tá a débẹ̀, òun ló ń sáré lọ wo férémù kó tó kàn mí. Tá a bá pín in dọ́gba, barnacle 64 ló wà nínú férémù kọ̀ọ̀kan ní òkè, 148 ní àárín, 22 ní ìsàlẹ̀. Mussel ò sí ní òkè rárá, 9 ní àárín, 57 ní ìsàlẹ̀. Férémù méjì jáde tí kò sí nǹkan kan nínú wọn. Ọwọ́ mi fẹ́ gbé ọ̀kan sún sápá òsì díẹ̀. Mo rántí, mo kọ òdo.

Ìràwọ̀ òkun mẹ́rin la rí nínú gbogbo férémù, ìsàlẹ̀ ni gbogbo wọn wà. Ọ̀kan ká gọbọi bo mussel kan mọ́lẹ̀. A dọ̀bálẹ̀ lórí àpáta, a ń wò ó, ó tó ogójì ìṣẹ́jú. Ó la ìkarahun náà díẹ̀, a sì rí ohun funfun rírọ̀ kan tó ń wọlé láti abẹ́ rẹ̀. Tíṣà mi sọ fún mi lọ́jọ́ kejì pé ikùn rẹ̀ ni, pé ó máa ń ti ikùn rẹ̀ jáde láti lọ jẹ oúnjẹ nínú ilé onílé. A ò fọwọ́ kàn án. Nígbà tí omi yí pa dà, a fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ó ṣì ń jẹun.

Ìbéèrè kan ló kù. Ní òkè àti àárín, mo rí àwọn òrùka funfun pẹlẹbẹ lára àpáta, wọ́n tóbi tó barnacle, àmọ́ kò sí nǹkan nínú wọn. Mo rí 83 lápapọ̀. Ṣé kí n kà wọ́n mọ́ barnacle ni?

ẸniEtíkun

Má kà wọ́n mọ́ ọn. Ìdí ilé barnacle tó ti kú nìyẹn; oríṣi kan wà tó jẹ́ pé tó bá ṣí kúrò, ìpìlẹ̀ rẹ̀ máa ń kù sára àpáta. Fa ìlà tuntun sínú ìwé rẹ, kọ wọ́n sọ́tọ̀, òkè sọ́tọ̀, àárín sọ́tọ̀. Tó o bá pa dà lọ lóṣù tó ń bọ̀, ya àwòrán ibi tí 20 nínú wọn wà, kó o lè rí i bóyá àwọn ọmọ tuntun máa wá dúró sórí wọn tàbí wọ́n máa yẹra.

Akẹ́kọ̀ọ́Òkun

Òṣùpá àrànmọ́jú tó ń bọ̀ bọ́ sí ọjọ́ Sátidé. Omi máa fà tán ní aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú láàárọ̀. Tíṣà mi ti ní òun máa bá wa lọ.